Bíréèkì Ọjọ́ Iléyá

Pẹ́dà bíréèkì wọlẹ̀ pátápátá, ó kan irin ilẹ̀ mọ́tò, mọ́tò kò sì dúró. Inú ọgbà ilé tí mo háyà ní Nyanya ni, mo ń rìfáàsì lọ síbi géètì láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Ọlọ́run ló ní kí ọwọ́ mi tètè dé ibi bíréèkì ọwọ́. Mo fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ìdí mọ́tò sì dúró ní ibi tí ológbò ò lè gbà kọjá láàárín òun àti géètì. Ìyá mi wà lẹ́yìn, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé báàgì ọsibítù lé itan. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Kí ló tún dé?" pẹ̀lú ohùn ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó ọ̀rọ̀ sọ.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún wọlẹ̀, àfi bí ẹni ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀.

Kíndìnrín ìyá mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Maitama, níbi tí wọ́n ti ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe kẹ́yìn ti fò wọ́n, torí pé mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Iléyá fi máa mọ́, omi tí kò ríbi jáde ti kún ara wọn. Ẹsẹ̀ wú, ojú wú, wọn ò lè sùn àfi kí wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù láìfi bò: bí omi yẹn bá fi lè kún ẹ̀dọ̀fóró tán, kò sí ohun tí ẹ̀rọ máa rí ṣe mọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí òní kọjá.

Mo pe mẹkáníìkì. Ó ti lọ sí abúlé rẹ̀ ní apá Nasarawa láti ṣọdún, mo ń gbọ́ igbe àgbò lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì ẹsẹ̀ iwájú kan lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ń kánjú kí bọ́ọ̀sì má fi òun sílẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kò séwu.

"Kai, Madam," ó ní, "na air dey inside. I bleed am small, e never finish. Find one person make e dey press pedal. You go dey loose the nipple."

"You dey craze?" ni mo fi dá a lóhùn. Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bú u tẹ́rùn, tí òun náà sì ti ní "sorry" títí tó sú u, mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé mi ò wá mọ́tò míì. Àwọn ará ilé wa tó ní mọ́tò ti lọ sílé ọdún, ọgbà ṣófo. Nọ́ńbà áḿbúláǹsì dún títí ó fi dákẹ́. Àwọn onítakisí orí fóònù ń gbà, wọ́n ń fagi lé e bí wọ́n bá ti rí ibi tí mo wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dé géètì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ojú ìyá mi, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ó sì padà sínú mọ́tò rẹ̀. "Abeg, Madam, make e no happen inside my car," ló wí. Mo bọ́ sálúbàtà mi, mo sọ ọ́ lé e. Ó ba bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn mọ́tò, onímọ́tò náà sì lọ. Mo ní láti rìn lórí òkúta lọ mú sálúbàtà padà.

Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ṣàlàyé kò le láti yé èèyàn. Ọ́ìlì tó wà nínú páìpù bíréèkì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ dé ara táyà. Bí atẹ́gùn bá wọ inú ọ́ìlì yẹn, atẹ́gùn ni ẹsẹ̀ á máa fún, kò ní fún bíréèkì. Nítòsí táyà, ìdè kékeré kan wà tó ní ihò lẹ́nu, òun ni wọ́n ń pè ní nípù. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà, á dì í mú. Ẹnì kejì á tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì àti atẹ́gùn á tú jáde, á sì dè é padà kí ẹni tó wà lókè tó gbẹ́sẹ̀. Bí ẹni yẹn bá gbẹ́sẹ̀ nígbà tí nípù ṣì ṣí, ohun tó jáde á tún fà padà wọlé. Wọ́n á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí atẹ́gùn á fi tán.

Èèyàn méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Èmi rèé. Ta tún ni?

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí èèyàn fi tẹ̀ ẹ́, àbí?" ni ìyá mi wí látẹ̀yìn. "Mo ní ẹsẹ̀."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Mo gbé wọn sí ìjókòó awakọ̀, mo kó ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, mo sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn lé pẹ́dà. Bàtà ti kọ̀ ọ́ láti ọjọ́ méjì. Ibi tí mo ti fọwọ́ dì í mú jìn wọnú, kò kún padà. Ẹsẹ̀ tó gbé mi pọ̀n láti oko dé ilé ní Kàbà rèé, mo tún wá ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Mo fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, mo fi òkúta ti ìdí táyà ẹ̀yìn, mo yọ táyà ẹsẹ̀ tí mẹkáníìkì ṣe, mo sì dùbúlẹ̀ sórí páálí. Mo ní sípánà tó wọ nípù. Mo ní ọ́ìlì bíréèkì nínú ìgò kékeré kan tí mẹkáníìkì lò kù, mo sì mọ̀ pé bí ìyẹn bá tán, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó máa ṣí lọ́jọ́ náà. Ohun tí mi ò ní ni rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n máa ń kì bọ ẹnu nípù kí wọ́n lè rí ohun tó ń jáde. Mo wọlé, mo gé rọ́bà dírípù kan tó ṣẹ́ kù nínú ẹrù àìsàn ìyá mi. Mo fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, mo kì í bọ ẹnu nípù, mo sì ri ẹnu kejì sínú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò omi.

Ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi ní ìbẹ̀rù atẹ́gùn inú rọ́bà. Ọdún kan ni mo ti fi jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìfófòó kékeré bá kọjá nínú rọ́bà ẹ̀, ẹ̀rọ náà á figbe ta, àwọn nọ́ọ̀sì á sì sáré wá. Ó ti mọ́ ojú mi lára láti máa tẹ̀ lé rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n máa wá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi," ni mo wí lábẹ́ mọ́tò. "Ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́."

Mo tú nípù. Ọ́ìlì jáde, ìfófòó sì bá a jáde, ó pọ̀ lọ jàra. Inú mi dùn. Mo dè é. "Ó yá, ẹ gbẹ́sẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́."

A ṣe é, a ṣe é. Ìfófòó ò tán. Bí mo ṣe ń tú u ni wọ́n ń jáde, ìgbà kọ̀ọ̀kan wọ́n á kéré, ìgbà míì wọ́n á tún pọ̀. Mo ń dìde lọ bu ọ́ìlì kún ibi tí wọ́n ń bu ú sí níwájú mọ́tò, ìgò sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Pẹ́dà rọ̀ bó ṣe rọ̀ láàárọ̀. Ohun tó ń lé sí i ni èémí ìyá mi, mo ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ níbi tí mo wà.

Mo gbé fóònù, mo sì wá fídíò. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ní ìgbà mìíràn atẹ́gùn kì í ti inú páìpù wá, ara ìdè nípù ló ń gbà wọlé tí wọ́n bá ti tú u. Ó ní kí èèyàn fi téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò sí ẹnu omi ẹ̀rọ wé ara ìdè náà, kó dí àlàfo rẹ̀ pa. Irú téèpù bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ síńkì wa. Mo tú nípù kúrò pátápátá, mo fi àtàǹpàkò dí ojú ihò, ọ́ìlì ń ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ mi wọ inú apá aṣọ. Ọwọ́ kan àti eyín ni mo fi ń wé téèpù. Mo wé e mọ́ ìdè nìkan, mi ò jẹ́ kó dé ihò ẹnu rẹ̀, kó má lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Ó já. Mo tún un wé. Ó tún já. Mo bú púlọ́ńbà tó fi í sílẹ̀, mo bú mẹkáníìkì, mo bú èmi alára.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ìyá mi bi mí látòkè.

Mo tún téèpù náà wé, ó wá dúró lọ́tẹ̀ yìí.

Mo dá nípù padà, mo fún un. "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́." Ìfófòó tún jáde.

Mo gbé orí lé páálí, mo sì sunkún bí ọmọ kékeré, ọ́ìlì bíréèkì ń ta mí lójú. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń kí ara wọn kú ọdún lójú títì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Gbogbo ohun tí ìyá mi ní láti yè ni mọ́tò yìí, mo sì ti tú u palẹ̀ sórí òkúta. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí ṣẹ̀ṣẹ̀ lójú: mo rí i pé wọ́n lè kú síbẹ̀, nínú ìjókòó awakọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí pẹ́dà, nítorí pé èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mo nu ojú mi. Ọ́ìlì tó kù nínú ìgò kò ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo pinnu pé mi ò ní kánjú, mo fẹ́ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi. Ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́." Mo tú u, mo sì tẹjú mọ́ rọ́bà. Ìfófòó kan jáde lẹ́nu nípù, ó rìn dé ìdajì rọ́bà. Ó dúró. Ó sì yí padà, ó gòkè, ó wọlé padà síbi tó ti wá.

Ìfófòó tuntun kọ́. Ọ̀kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ohun tó sì lè fà á padà kò ju ọ̀kan lọ.

Mo yọ orí jáde. "Màámi, ṣé ẹ ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ni?"

"Ìwọ lo ní kí n jọ̀ọ́."

"Mo ní kẹ́ ẹ dì í mú."

"O ní kí n dì í mú, o tún ní kí n jọ̀ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n mí. "Mo sì ń jọ̀ọ́ ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ́ìlì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kànga kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Kàbà, èmi àti ìyá mi la jọ máa ń fa omi níbẹ̀. Wọ́n á wà níwájú, èmi á wà lẹ́yìn wọn, a ó jọ di okùn mú. Bí korobá bá ti gúnlẹ̀ sí etí kànga, wọ́n á ní, "Jọ̀ọ́," èmi á sì tú okùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́. Èmi sì rèé, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mi ò lè sọ fún ìyá tó bí mi pé kó tẹ nǹkan, kó di nǹkan mú, kí n má fi "ẹ jọ̀ọ́" kádìí ẹ̀. Láti àárọ̀, ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún wọn ló ń fa atẹ́gùn wọ bíréèkì.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Má bẹ̀ mí mọ́. Pàṣẹ fún mi."

Kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbìyànjú ẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́" tún fẹ́ yọ́ jáde lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà mo wá ń sọ̀rọ̀ bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọ̀nà Mararaba. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú. Ẹ ṣì dì í mú. Ẹ gbẹ́sẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí Màámi. Ó ń dùn mí lọ́kàn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìfófòó tó jáde kò padà mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e kéré, èyí tó tún tẹ̀ lé e dà bí orí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì nìkan ló ń bọ̀, ó mọ́ gaara nínú rọ́bà dírípù. Nígbà tí mo da ìyókù ìgò síbi tó yẹ, ìyá mi ní, "Ó ti le o. Kò wọlẹ̀ mọ́."

Mo fún nípù mọ́ orí téèpù, mo nù ún gbẹ, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí agbára wọn bá ṣe tó. Mo fọwọ́ kàn án. Kò tutù. Mo fi páálí gbígbẹ nù ún, páálí náà kò sì lómi. Mo dá táyà padà, mo sì sọ jáàkì kalẹ̀.

A jáde ní Nyanya. Iwájú ni mo gbé wọn sí lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ máa rí ojú wọn. Ọ̀nà dá nítorí ọdún. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kugbo, bọ́ọ̀sì kan já wọ iwájú wa láìwo ẹ̀yìn, mo tẹ bíréèkì, ó sì mú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi: ìyá mi náà na ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí ìka ẹsẹ̀ wọn fi funfun.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń bá ẹ dì í mú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí a fi dé oríta A.Y.A., títí a fi dé Maitama. Níbikíbi tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, àwọn náà á tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ bá mi wí, ó sáré gbé kẹ̀kẹ́ wá. Wọ́n gbé ìyá mi sórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n fi atẹ́gùn sí wọn nímú, wọ́n lọ kó abẹ́rẹ́ wá. Mo di ọwọ́ wọn mú. Àbàwọ́n ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi, ó ti ràn wọ́n. Ayọ̀ ń ta mí lára bí ọtí. Mo ti gbé wọn dé.

"Jọ̀ọ́ mi," ni ìyá mi wí.

Mo tẹ̀ sún mọ́ wọn. "Kí lẹ fẹ́, Màámi? Ṣé òùngbẹ ni?"

Wọ́n mi orí. "Jọ̀ọ́ mi."

Ká ní àárọ̀ ọjọ́ náà ò rí bó ṣe rí ni, ǹ bá gbé e sí ẹ̀bẹ̀, ǹ bá máa wá ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí sí káàkiri. Mo bi wọ́n pé, "Èwo nínú méjèèjì ni?"

"Ti ìdí kànga."

Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ kíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì fi yíjú. Mo ní wọn ò lè fi mí sábẹ́ mọ́tò láti àárọ̀, kí n fi ojú mu ọ́ìlì, kí wọ́n wá dé ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹ pẹ́dà nígbà náà?

"Ìwọ lo fẹ́ wá," ni wọ́n wí, wọ́n rọra sọ ọ́. "Mo bá ẹ tẹ̀ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ìyá mi na apá fún un fúnra wọn, wọn ò sì wò mí. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà bí ìṣe mi, mo tẹjú mọ́ rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìfófòó kankan níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Omi tó jáde lára wọn pọ̀, èémí wọn rọlẹ̀, wọ́n sùn gbalaja fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á ní a ṣe oríire, a sì ṣe oríire lóòótọ́.

Nígbà tí a ń padà, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti wà, àwọn tó jáde lọ jẹun ọdún ti ń darí sílé. Mo ń tẹ bíréèkì ṣáá. Ìgbàkigbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ni mò ń yọjú wo ẹsẹ̀ ìyá mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ti sọ̀ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹsẹ̀ wọn àtijọ́. Kò mira. Ní Kugbo mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójijì, ara wọn fì síwájú, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n wà. Ẹsẹ̀ náà wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Mo ṣì gbé wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Wọn ò kọ̀, wọn ò tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Téèpù tí mo wé mọ́ nípù kò jo rárá, bíréèkì náà ń mú ṣinṣin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti gbé báàgì, mo ti ṣí géètì, mo ti tan mọ́tò. Mo wọlé láti lọ gbé wọn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wọ aṣọ, wọ́n ń dúró dè mí, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi kí n fà wọ́n dìde. Mo di ọwọ́ yẹn mú pẹ́. Lẹ́yìn náà, mo jọ̀ọ́ ẹ̀ bíi ti ìdí kànga, mo jáde lọ pa mọ́tò.